Owó Ìwádìí àti Ẹ̀mí Tálákà

Nínú gbogbo ohun tí ọmọ aráyé ń pín láàárín ara wọn, bóyá ni ọ̀kan wà tí pípín rẹ̀ ṣòro bí ìlera. Bí a bá pín iṣu, ojú gbogbo ènìyàn ni ó tó o. Ẹni tí a bá rẹ́ jẹ yóò mọ̀, yóò sì lè fi ẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń pín ìmọ̀ tí a fi ń wo àrùn sàn, ẹni tí ìpín kò kàn kì í sábà mọ̀ pé ìpín kan wà tí ó tọ́ sí òun. Yóò ṣàìsàn, yóò sì kú, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò sì wí pé bí Ọlọ́run ti kọ ọ́ ni. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí á gbé ìbéèrè méjì yẹ̀ wò: ta ni ó yẹ kí ó náwó sí ìwádìí àrùn, àwọn ta ni ó sì yẹ kí ìwádìí náà kà mọ́ ènìyàn? Àrùn jẹjẹrẹ ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àrùn díẹ̀ ni ó ń fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín olówó àti tálákà hàn bí i tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ara ènìyàn dà bí ilé tí a fi bíríkì kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí kọ́. Àwọn bíríkì wọ̀nyí a máa gbó, òmíràn a sì máa rọ́pò wọn ní ìwọ̀n tí ara fẹ́. Bí àwọn kan nínú wọn bá kọ̀ láti gbọ́ òfin ara, tí wọ́n ń bí sí i láìdúró, tí wọ́n sì ń ya wọ ibi tí kì í ṣe tiwọn, èyíinì ni à ń pè ní jẹjẹrẹ. Ó lè mú ọmú, ó lè mú ẹ̀dọ̀, ó lè mú ìfun, ó lè mú ẹnu ilé-ọmọ obìnrin. Ní ọdún 2022, àwọn tí ń ka àrùn yìí káàkiri àgbáyé fojú bù ú pé ènìyàn tí ó lé ní 127,000 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan náà, àti pé àwọn tí ó pa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80,000.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní wọ́n fojú bù ú. Kí ló dé tí wọn kò kà á? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo obìnrin kan ní Òkè-Onígbìn níhìn-ín, tí ó ń ta gààrì ní ọjọ́ ọjà. Ó rí kókó kan ní ọmú rẹ̀. Kókó náà kò dùn ún, nítorí náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà, ọmú ti yí àwọ̀ padà, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀. Wọ́n se àgbo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n dé Òmù-Àrán, a ní kí wọ́n máa lọ sí Ìlọrin. Owó ọkọ̀ ń bẹ níbẹ̀, owó àyẹ̀wò ń bẹ níbẹ̀, owó oúnjẹ àti ibi tí ẹni tí ó bá a lọ yóò sùn sí ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n ta ohun tí wọ́n lè tà; nígbà tí kò tó, wọ́n gbé e padà wá sílé. Ó kú nínú yàrá rẹ̀, a sì sin ín. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìjọba, kò sì sí nínú ìwé àwọn oníwàádìí. Òkú rẹ̀ nìkan kọ́ ni ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Ìmọ̀ tí à bá rí láti ara àìsàn rẹ̀ wọ ilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Àwa ará ilẹ̀ Ìgbómìnà mọ ohun tí àìkọsílẹ̀ ń ṣe fún ènìyàn. Ní Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí wa, àwọn ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan wà níbẹ̀: ọkùnrin, obìnrin, ọlọ́fà àti onílù, ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó bí ẹni pé wọ́n ń retí àlejò. Nítorí wọn ni a ṣe kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí ìlú náà ní ọdún 1945, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ dájúdájú pé irú àwọn ènìyàn báyìí ni ó gbẹ́ wọn. Ọwọ́ àwọn agbẹ́gilére náà hàn lára òkúta, ṣùgbọ́n orúkọ wọn ti parẹ́. Bí ó ti rí fún iṣẹ́ ọwọ́ ni ó rí fún àìsàn: ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ lónìí, àwọn ọmọ wa yóò máa fojú bù ú lọ́la.

Nítorí èyí ni mo fi ń gbé oríyìn fún iṣẹ́ kan tí kò ní ìlù, tí kò sì ní ijó. Ní ọdún 1957 ni a ṣí Ilé Ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní UCH. Ní ọdún 1960, ọ̀jọ̀gbọ́n G. M. Edington bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ kan níbẹ̀. Kí ni iṣẹ́ ìwé náà? Ẹnikẹ́ni tí a bá rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀ ní Ìbàdàn, kí á kọ ọjọ́ orí rẹ̀, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ibi tí ó ń gbé, ẹ̀yà ara tí àrùn náà mú, àti bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ yóò wí pé iṣẹ́ akọ̀wé lásán ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láìsí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá àrùn ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù, kò sì sí ẹni tí ó lè mọ ibi tí ó yẹ kí á kọ́ ilé ìtọ́jú sí. Àwọn tí ń pín owó kì í rí ojú aláìsàn. Iye ni wọ́n ń rí. Ibi tí a bá ti ka ènìyàn ni owó ń lọ. Ìlú tí kò sí nínú ìwé, lójú wọn, ìlú tí ara rẹ̀ le ni.

Àwọn kan lè rò pé owó rẹpẹtẹ nìkan ni ó lè ṣe ìwádìí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Uganda kò fara mọ́ èrò yìí. Denis Burkitt, oníṣẹ́-abẹ kan tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ireland, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala. Ó ṣàkíyèsí pé a ń gbé àwọn ọmọdé kan wá tí àgbọ̀n wọn wú lọ́nà àrà, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1958. Ó fi àwòrán àrùn náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Áfíríkà, ó ń béèrè bóyá wọ́n ti rí irú rẹ̀. Ní ọdún 1961, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wọ ọkọ̀ àlòkù kan, wọ́n sì rìn tó máìlì 10,000 láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn, láti mọ ibi tí àrùn náà wà àti ibi tí kò sí. Gbogbo owó ìrìn-àjò náà kò tó 1,000 pọ́ùn. Láti ara iṣẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù, Epstein, Achong àti Barr, fi rí kòkòrò àrùn kan ní ọdún 1964 nínú ẹran ara tí a fi ọkọ̀ òfuurufú gbé wá láti Uganda. Òun ni kòkòrò irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó lè fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Owó náà kéré, ṣùgbọ́n ó wà nígbà tí a nílò rẹ̀, ọwọ́ olóòótọ́ ni ó sì bọ́ sí.

Ibi tí ọ̀ràn ìwà rere ti wọ inú rẹ̀ nìyí. Àrùn tí a kọ́kọ́ mọ̀ láti ara àwọn ọmọ Áfíríkà yìí ní oògùn. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ọmọ tí ó bá mú ni ó ń yè. Ní Áfíríkà, níbi tí ìmọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, àwọn tí ń kú ṣì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n ń pẹ́ dé ilé ìwòsàn, tàbí pé owó oògùn tán kí ìtọ́jú tó parí. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí ó ni oko máa wo àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ti ń jẹ irè rẹ̀?

Kì í ṣe Áfíríkà nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1951, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà gé díẹ̀ nínú jẹjẹrẹ tí ó wà ní ẹnu ilé-ọmọ obìnrin adúláwọ̀ kan tí ń jẹ́ Henrietta Lacks, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà kú ní ọdún náà, ṣùgbọ́n ohun tí a gé lára rẹ̀ kò kú. Ó ń bí sí i nínú ìgò títí di òní, a sì ti fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí púpọ̀, títí kan ti abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Àwọn kan tà á, wọ́n sì jèrè. Ọdún 2023 ni àwọn ará ilé rẹ̀ tó bá ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ń tà á parí ẹjọ́.

Irú àrùn tí ó pa obìnrin yìí, Harald zur Hausen, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti fi hàn pé kòkòrò àrùn kan ni ó ń fà á, a sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà kòkòrò náà gba àṣẹ lílò ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2006. Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin tí ó wà láàárín ọdún 9 sí 14 lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 17 ni ó wà láàárín méjèèjì. Ọmọbìnrin wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 9 nígbà tí abẹ́rẹ́ náà jáde ti di ẹni ọdún 26 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìlẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn sẹ́yìn.

Àwọn kan yóò wí pé gbogbo ìka kò dọ́gba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ní ìka márùn-ún kì í fi ọ̀kan sílẹ̀ kí ó jẹrà. Àwa olùkọ́ mọ ìtumọ̀ ìdọ́gba dáadáa. Bí ọmọ kan nínú kíláàsì kò bá ríran jìnnà, olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò mú un wá síwájú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ga ju àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Kò fi í ṣe ààyò. Ó fẹ́ kí gbogbo wọn lè ka ohun tí ó wà lójú pátákó ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìlera. Bí a bá fún ará ìlú ńlá àti ará Òkè-Onígbìn ní iye owó kan náà, a kò tíì ṣe ẹ̀tọ́, nítorí pé ọ̀nà ti ẹnìkejì jìn, ojú rẹ̀ kò sì tó pátákó.

Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu àwọn tí kò gbà pẹ̀lú wa. Èkínní, wọ́n á ní, "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Aláìsàn ń kú nítorí àìrówó ra oògùn, ẹ̀yin ń kó owó fún àwọn oníwàádìí." Ọ̀rọ̀ yìí ní agbára, kò sì yẹ kí á fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àánú ni ó mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n oògùn wo ni a ó rà? Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tí ó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kí ó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí jẹjẹrẹ ọmú pẹ̀lú àwọn dókítà UCH. Ìwádìí wọn jẹ́ kí ó yé aráyé pé àrùn náà a máa tètè mú obìnrin ilẹ̀ wa, nígbà tí ó ṣì ń tọ́ ọmọ kéékèèké, àti pé irú tí ó pọ̀ láàárín wọn kì í gbọ́ àwọn oògùn kan tí ń ran ọ̀pọ̀ obìnrin aláwọ̀ funfun lọ́wọ́. Bí kò bá sí irú ìwádìí yìí, owó àánú wa ìbá máa ra oògùn tí kò ràn. Àìsàn tí a kò mọ̀ dáadáa, owó ni a ń sọ sínú kànga bí a bá ń wò ó. Ní ọdún 2005, àjọ MacArthur ní Amẹ́ríkà fún obìnrin yìí ní 500,000 dọ́là, láìpàṣẹ bí yóò ti ná an fún un. Ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé owó náà kalẹ̀?

Ìbéèrè yìí mú wa dé orí àtakò kejì. Àwọn kan ní, "Ẹ jẹ́ kí òyìnbó náwó, àwọn ni wọ́n ní." N kò sọ pé kí á kọ ìrànwọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Láti ọdún 2013 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń bá àwọn ará ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ kan ní New York, Memorial Sloan Kettering, ṣe ẹgbẹ́ ìwádìí pọ̀, àwọn ilé ìwòsàn mìíràn ní Nàìjíríà sì ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà wa ní iṣẹ́, ó sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa wí pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a máa ṣo ni. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2025, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé òun dá ọ̀nà kan dúró tí àwọn yunifásítì ibẹ̀ ń gbà pín nínú owó ìwádìí fún àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ní ilẹ̀ òkèèrè, títí a ó fi gbé ètò tuntun kalẹ̀. Ẹni tí ó ni àpò ni ó ni àṣẹ láti pa á dé. Ẹni tí ó fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ lé àpò ẹlòmíràn lọ́wọ́ kò lè bínú bí a bá pa á dé ní ọ̀gànjọ́ òru.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n sì ṣe ìlérí pé àwọn yóò máa ná, ó kéré tán, 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba wọn sórí ìlera. Àwa ni a gba àlejò ìpàdé náà. Àwa náà ni a kò tíì mú ìlérí náà ṣẹ. N kò sọ pé a kò ṣe nǹkan kan. Ní ọdún 2017 a ṣe òfin tí ó dá àjọ orílẹ̀-èdè kan sílẹ̀ fún ìwádìí àti ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ. Àjọ TETFund sì ń fún àwọn olùkọ́ yunifásítì ní owó ìwádìí láti inú ohun tí à ń gbà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́. Ìpìlẹ̀ ti wà. Bíríkì ni ó kù kí á máa tò lé e.

Bí owó bá wá dé, ẹrù ńlá ni ó jẹ́ fún ẹni tí a fi sí lọ́wọ́. Ẹni tí ó jí owó oko jí owó. Ẹni tí ó jí owó ìwádìí jí ẹ̀mí àwọn tí a kò tíì bí. Kò yẹ kí onímọ̀ fi owó ẹ̀rọ àyẹ̀wò ra ọkọ̀ fún ara rẹ̀, kò sì yẹ kí ó kọ iye tí kò kà sínú ìwé. Bákan náà, bí ó bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹran ara lára aláìsàn, kí ó tọrọ rẹ̀ ní èdè tí aláìsàn gbọ́, kí ó sọ ohun tí yóò fi ṣe. Nígbà tí ó bá rí ìdáhùn, kí ó padà wá sọ ọ́ fún àwọn tí ó bi léèrè. Oníwàádìí tí ó gba ẹ̀jẹ̀ tálákà tí kò sì padà wá mọ́ kò yàtọ̀ sí ọdẹ tí ó pa ẹran nínú oko olóko tí kò fi itan ránṣẹ́ sílé.

Àwa ará ìlú náà kò gbọdọ̀ káwọ́ gbera. Ilé-ìwé mélòó ni ó wà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà tí kò ní owó ìdáwó àwọn ará ìlú nínú? Nígbà tí àwọn baba wa fẹ́ ìmọ̀, wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n ta kókó, wọ́n ta iṣu, wọ́n ru yanrìn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ó lè ná owó púpọ̀ sórí ọjọ́ ìlú lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún owó ọkọ̀ obìnrin tí a ní kí ó lọ sí Ìlọrin, kí ó má baà padà sílé láìgba ìtọ́jú. Ìdílé tí òkú kú fún lè sọ ohun tí ó pa á gan-an, dípò kí wọ́n fi í pa mọ́ bí ẹni pé ìtìjú ni. Àìsàn kì í ṣe olè jíjà. Ẹni tí ó bá fi àrùn pa mọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pa orúkọ ìlú rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé.

Ní ti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má ṣe rò pé ọ̀ràn àgbà ni. Ẹni tí ó bá kọ́ ìṣirò dáadáa nínú yín lónìí lè jẹ́ ẹni tí yóò máa ka àrùn lọ́la. Ẹ kọ́ láti kọ òótọ́ sílẹ̀, ì báà ṣe iye òjò tí ó rọ̀ ní ọgbà ilé-ìwé yín. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, bí àwọn nọ́ọ̀sì bá mú abẹ́rẹ́ àjẹsára wá, ẹ sọ fún àwọn òbí yín kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gbà á. Bí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá sọ pé òun rí kókó lára, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó tètè lọ fi han dókítà, nítorí pé ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú tí a bá rí ní kùtùkùtù ni a lè wò.

Ní ìparí, ìdáhùn mi sí ìbéèrè méjèèjì nìyí. Àwa ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ náwó sí ìwádìí àrùn wa, kí ìrànwọ́ àwọn ẹlòmíràn tó wá bá tiwa níbẹ̀. Ìwádìí náà sì gbọ́dọ̀ ka gbogbo ènìyàn, láti orí ọba dé orí obìnrin tí ń ta gààrì. Àánú a máa fún aláìsàn ní ohun tí ó bá ṣẹ́ kù. Ẹ̀tọ́ a máa kà á mọ́ ènìyàn kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Ibi tí a kò bá ti ka ènìyàn, kò sí bí owó ti lè pọ̀ tó tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.